Oúnjẹ Àwọn Tó Ń Gbé Òkú

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ fi mọ Alida Terwogt. Kí o tó rí i, wàá ti gbọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ikùn ni ẹ̀rín rẹ̀ ti máa ń bú jáde, irú èyí tí àwọn ìyàwó ọ̀gá-ọ̀gá ní Salatiga, ìlú kan ní erékùṣù Java, kà sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú ní Groningen, ní Netherlands, orí ọkọ̀ náà ni wọ́n sì bí i sí. Ó máa ń sọ pé bí òun ò bá pariwo ní kékeré, afẹ́fẹ́ ni ì bá máa gbé ohùn òun lọ.

Bó ṣe dé Java fúnra rẹ̀ tó ìtàn. Gerlof Terwogt, tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ṣe, ti wà ní Java, tí àwa ará Netherlands ń ṣàkóso, nígbà tó kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Kò ráyè wálé wá ṣègbéyàwó, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló dúró ní ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alida níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, bí àṣà wa ṣe gbà á nígbà náà. Ni Alida bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé èbúté Semarang, ó rí ọkùnrin apárí kan tó di òdòdó mú.

"Mo bi í pé, 'Ṣé ìwọ lọkọ mi?'" Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. "Ó ní, 'Wọ́n ní èmi ni.' Mo ní, 'Ó dáa, gbé àpótí mi.'"

Wọ́n bí Roelien. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n bí Siebe. Roelien ò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, tó máa ń tẹjú mọ́ èèyàn. Bí o bá purọ́ fún un, kò ní bá ọ jiyàn, yóò kàn máa wò ọ́ ni, títí wàá fi wá ibi tí wàá kojú sí. Èmi mọ̀, torí èmi, Tine Bakhuis, ni mo kọ́ ọ ní jẹ́léósinmi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyá rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ará Japan gba Java, àwọn ọkùnrin wa ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ. Gerlof wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kó àwa obìnrin àtàwọn ọmọ, kálukú pẹ̀lú àpótí kan àti ẹní kan. Ilé kan lẹ́yìn ìlú, tó jẹ́ ti àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ọparun híhun ṣọgbà yí ká, ó di àgọ́ wa. Àwa tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń bá fọ abọ́, tí a kì í gbé garawa omi, la wá ń kó ìgbẹ́ inú kòtò. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè ṣàánú wa. Ó pẹ́ tí àwọn ará Java ti ń gbé garawa yẹn fún wa, a ò sì bi wọ́n rí bóyá ó wúwo.

Orí pákó gígùn kan la ń sùn, àyè tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò sì fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Alida ló wà lápá ọ̀tún mi, Siebe tẹ̀ lé e, Roelien wá sùn mọ́ ògiri.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀rín Alida ṣì wà. Dandan ni ká tẹrí ba fún ọmọ ogun tó bá kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn rò pé Alida ò tẹrí ba dáadáa, ó fọ́ ọ létí, ètè rẹ̀ bẹ́. Nígbà tí ọmọ ogun náà lọ tán, Alida nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ọmọdé ni. Kò tíì mọ̀ ọ́n gbá. Kí ìyá mi wá kọ́ ọ." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àwa tí ẹ̀rù ń bà. Ìgbà tó yá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ ni ẹ̀rín yẹn jẹ́ fún wa.

Nígbà tó di ọdún kẹta, ebi ti wọlé jókòó tì wá bí ará ilé. Sítáàṣì tí à ń fi ta aṣọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rò bí ògì fún wa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nígbà míì, ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú omi ewé. Lálẹ́, búrẹ́dì tó ń fà bíi rọ́bà. Ìgbín ò lè rìn gba àgọ́ wa kọjá láàyè. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń wú, ojú wọn ń jìn wọnú, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn àgbà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni.

Ìyáàfin Dekhuyzen, ìyàwó adájọ́ kan, ni àwọn ará Japan fi ṣe olórí wa. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n kà wá tán, ó ní ká má tíì tú ká.

"Ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó ń kú ti ń pọ̀ jù. Mo ń fẹ́ obìnrin mẹ́rin tó ṣì lágbára, tí yóò máa gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ṣe é, wọ́n á máa fi ṣíbí ògì kan kún tirẹ̀ lọ́sàn-án."

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ṣé òkú la wá fẹ́ máa jẹ báyìí?"

"Ta ló ní kí o jẹ òkú?" Alida ló dá a lóhùn. "Ògì ni wọ́n pè é. Ìyáàfin, ẹ fi mí kún un." Ó fi ìgúnpá gún mi. "Tine, ìwọ náà, nawọ́."

"Màmá Roelien, ẹ̀rù òkú ń bà mí."

"Òkú ò lè gbá ẹ létí. Nawọ́ sókè, jàre."

Mo nawọ́.

Pósí tí wọ́n fi ọparun hun la fi ń gbé wọn. Kì í ṣe wíwúwo wọn ló ń dẹ́rù ba èèyàn. Fífúyẹ́ wọn ni. Àwa mẹ́rin á gbé obìnrin tó ti sanra gọ̀dọ̀gbà rí, á sì dà bíi pé aṣọ fífọ̀ la gbé. Kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà á máa dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ogun tí kì í kí wa láàyè a ṣí fìlà, wọ́n á tẹrí ba fún òkú wa. Nígbà àkọ́kọ́ tí Alida rí i, ó sọ sí mi létí pé, "Àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe." Kò sí ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó máa ń gbé ṣíbí ògì yẹn lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, á pín in sí méjì. Òun ò tọ́ ọ wò rí. Àwọn ọmọ rò pé wọ́n kàn ń fún ìyá àwọn nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ilé ìdáná ni.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún wa. Wọ́n á sún ẹní wọn sẹ́yìn bí a bá ń kọjá. Kannakánná ni wọ́n ń pè wá. "Kannakánná ti dé o. Ta ló kàn?" Lọ́jọ́ kan Alida lọ bẹ ìyá àgbà kan tí ibà ń ṣe wò, obìnrin tó ti fún Siebe lásọ rí. Ìyá náà la ojú, ó rí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì di pákó mú.

"Mi ò tíì kú o! Alida, mi ò tíì kú. Yà lọ́dọ̀ mi."

"Mo kàn wá kí yín ni, Ìyá."

"Mo ní kí o yà!"

Alida jáde. Ó jókòó sídìí kòtò, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tine, ṣé ọwọ́ mi ń rùn ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó ń rùn. Mò ń gbọ́ ọ."

Roelien ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Lijsbet. Àwọn méjèèjì máa ń jókòó sábẹ́ òrùlé ilé ìdáná, wọ́n á máa ṣeré ọjà, òkúta a jẹ́ wàràkàṣì, ewé a jẹ́ ẹja. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú Lijsbet, kò sì sí oògùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, a gbé e. Mi ò mọ̀ pé Roelien dúró lẹ́yìn òpó, tó ń wò wá bí a ṣe ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Alida bu ògì sínú abọ́ agolo, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọmọ náà ò fọwọ́ kàn án.

"Màmá, èyí tó lé yìí, níbo ló ti wá?"

"Inú ìkòkò ló ti wá. Jẹun."

Ó yíjú sí mi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tante, ìyẹn àǹtí. "Tante Tine, níbo ló ti wá?"

Mo wo ilẹ̀.

"Torí pé ẹ gbé Lijsbet ni wọ́n ṣe fún wa?"

"Roelien, oúnjẹ ni oúnjẹ. Lijsbet ti lọ. Kò fẹ́ ẹ mọ́."

"Tẹ́nì kankan ò bá kú lónìí ńkọ́, a ò ní rí i gbà?"

"A máa rí i gbà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún wa."

"Torí ojoojúmọ́ lèèyàn ń kú," ọmọ náà wí. Ó ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mi ò jẹ ẹ́."

Alida bẹ̀ ẹ́. Ó pè é ní olówó orí mi, ó pè é ní ọkọ mi, ó ní bó bá jẹ ẹ́, bàbá rẹ̀ á bá a láàyè. Ọmọ ò gbọ́. Ni Alida bá fi ọwọ́ òsì di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó fẹ́ fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Roelien pa eyín pọ̀. Ògì dà sí àgbọ̀n rẹ̀, ó dà sára aṣọ rẹ̀. Alida gbá a létí. Siebe sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ìka gbá ògì tó wà lára aṣọ rẹ̀, ó ń lá a, ó ń gbá a, ó ń lá a, títí aṣọ fi gbẹ.

Alida fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èmi ò tíì rí i kó sunkún kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ó búra fún Roelien pé òun ò ní gbé òkú mọ́. Ó lọ sọ fún Ìyáàfin Dekhuyzen, wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ Siebe bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ihò á wà níbẹ̀ bíi pé inú àmọ̀ lo tẹ̀. Alida ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó ń wo bí ihò náà ṣe ń pẹ́ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde, ó fi aṣọ di imú, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

Roelien rí i. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ì bá sàn kó jà. Lọ́sàn-án, ó jẹ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, ó sì ti ìyókù sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá po méjèèjì pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo abọ́ àwọn ọmọ yòókù, á fi wé tirẹ̀, á sì dá èyí tó bá lé padà. Siebe ń jẹ. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọrùn Roelien ń tín-ín-rín sí i.

"Ọmọ méjì ni mo bí," Alida wí fún mi níbi tí a ti ń fọ pósí. "Ọ̀kan ń jẹ, ọ̀kan ń wò mí. Èwo ni kí n tẹ́ lọ́rùn, Tine? Sọ fún mi. Olùkọ́ ni ẹ́."

Mo tún bu omi sórí pósí.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú Roelien nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá àwọn aláìsàn, níbi tó jẹ́ pé èédú tí wọ́n lọ̀ ni oògùn kan ṣoṣo tó wà. Alida ń nu ún, ó ń pààrọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi omi tó ti hó tọ́ ọ létè. Lọ́sàn-án kan tí mo wà níbẹ̀, ọmọ náà la ojú.

"Màmá, bí mo bá kú, ta ló máa gbé mi?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ. Ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi rìn jáde níbí, ìwọ àti èmi àti Siebe."

Roelien wò ó. Ó tẹjú mọ́ ọn, bó ṣe máa ń ṣe, ó wò ó títí Alida fi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti lọ.

Ìyáàfin Dekhuyzen fúnra rẹ̀ ló wá. "Ìyáàfin Terwogt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù gbé e."

"Àwọn wo? Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ni?" Alida ti ń so ìdí pósí. "Èmi ni mo gbé e wá síbí. Tine, di ẹsẹ̀ mú."

Àwa méjì péré la gbé e. Kò nílò mẹ́rin. Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba, Alida sì dúró ṣánṣán, kò tẹrí ba fún wọn padà. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lù ú. Wọn ò lù ú. Kẹ̀kẹ́ màlúù náà lọ, ó yà lábẹ́ àwọn igi ọ̀nà, a ò rí i mọ́.

Lọ́sàn-án, a tò síwájú ìkòkò. Nígbà tó kan Alida, obìnrin tó ń bu ògì bu ṣíbí kan fún un, ó sì dúró, ṣíbí kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Alida na agolo rẹ̀ síwájú.

"Bù ú," ló wí.

Obìnrin náà bù ú. Alida gbé e lọ bá Siebe, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka ara rẹ̀ gbá etí agolo, ó fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó pè wá ní kannakánná mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ì bá sàn kí wọ́n máa pè wá bẹ́ẹ̀.

Èmi ò mọ ohun tí n ó máa pè é mọ́. Nígbà tí mo pè é ní Màmá Siebe, ó yíjú sí mi.

"Orúkọ tí o ń pè mí tẹ́lẹ̀ ni kí o máa pè mí. Bí o bá dákẹ́, ta ló kù tó máa dárúkọ ọmọ yẹn?"

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ogun parí. Àwọn obìnrin ń kọrin, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, àwọn tí kò lè dìde ń fi ọwọ́ lu pákó. Alida jókòó síbi tó wà. Ó ní, "Kí ló ń ṣe wọ́n tí wọn ò fi tètè parí ẹ̀?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀ bíi pé mo mọ̀ wọ́n. A ò sì tètè jáde. Àwọn ọ̀dọ́ Java ti dìde, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀gá mọ́, ìbáà jẹ́ Japan, ìbáà jẹ́ àwa. Àwọn ọmọ ogun tó ń lù wá tẹ́lẹ̀ ló wá ń ṣọ́ wa ká má bàa kú. Inú ọgbà kan náà la wà fún oṣù mélòó kan sí i.

Ibẹ̀ ni Gerlof ti wá bá wa. Ilé ìwakùsà èédú ní Japan ni wọ́n ti mú un ṣiṣẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, egungun lásán ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé Siebe, Siebe bẹ̀rẹ̀ sí í ké nítorí kò mọ̀ ọ́n. Ó ń wò yí ká.

"Roelien ńkọ́? Ó ti ní láti ga."

Gerlof wo ojú Alida, ó wo tèmi. Ó gbé ọmọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ibà ni," Alida wí nígbẹ̀yìn. "Ó sùn, kò jí. Kò jìyà, Gerlof."

"Ṣé ó rí oúnjẹ jẹ?"

"Ó rí i. Mò ń wá a fún un. Bi Tine léèrè."

Ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Netherlands. Àwọn Terwogt gba yàrá méjì lókè ilé ẹ̀gbọ́n Alida obìnrin, Hilje, ní Groningen, èmi náà sì ríṣẹ́ olùkọ́ nítòsí. Òtútù ń mú wa dé egungun. Hilje ò burú, àmọ́ kò fẹ́ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àgọ́, á ní, "Ẹ̀yin tiẹ̀ ní oòrùn. Àwa jẹ gbòǹgbò òdòdó níbí lábẹ́ àwọn ará Jámánì, yìnyín sì ń bọ́." Òótọ́ ló sọ. Alida a mi orí, á máa bó ànàmọ́ rẹ̀ lọ. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Gerlof fẹ́ kí wọ́n bí ọmọ mìíràn, Alida ní kó má sọ irú ẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ilé kan náà títí Gerlof fi kú, wọn ò jà, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Siebe dàgbà, ó taagun, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní ọmọdé lòun nígbà ogun, òun ò rántí púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun rántí. "Ebi ń pa gbogbo ọmọ àgọ́ yẹn. Èmi ní tèmi, ìgbà gbogbo ni mò ń rí àfikún jẹ. Màmá mi ò jẹ́ kí ebi pa wá." Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Alida dìde, ó wọ ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e. Ó di etí ibi ìfọbọ́ mú, ó sorí kọ́.

"Ó ní 'wa,'" ló sọ. "O gbọ́ ọ? Ó ní 'kò jẹ́ kí ebi pa wá.'"

"Ọmọdé ni nígbà náà, Màmá Roelien."

"Ṣé kí n sọ fún un?"

Mo ronú nípa ọmọkùnrin tó wà níta yẹn, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. "Ẹ má sọ fún un," mo ní.

"Nígbà náà, òun ló ni ìtàn náà. Bó ṣe sọ ọ́ ló ṣe máa wà." Ó nu ojú, ó jáde lọ bá wọn jókòó. Wọ́n bu àkàrà òyìnbó fún un, ó jẹ ẹ́ tán.

Ó lo ọdún púpọ̀ sí i. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, kò dá èmi mọ̀ mọ́, kò sì dá Siebe mọ̀. Ó kàn máa ń bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bóyá ọmọbìnrin náà ti jẹun. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, ó ti jẹun. Kò gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Siebe wá sílé mi, ó jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lọ́rùn, ó bi mí pé ta ni ọmọbìnrin náà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Báwo ló ṣe rí, Tante Tine? Mi ò rántí ojú rẹ̀ rárá."

Mo sọ fún un pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, pé ó máa ń tẹjú mọ́ èèyàn, pé irun rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ kó tó di pé wọ́n gé e nítorí iná orí. Mo sọ ti ọjà tó ń fi òkúta àti ewé ṣe. Ó ń retí èyí tó kù. Mo rántí abọ́ ògì tí Roelien ń tì sọ́dọ̀ rẹ̀, mo fi ìyẹn pa mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dìde, ó lọ.